Nígbà Tí Yàrá Iṣẹ́ Ọnà Bá Kún Dé Ẹnu Ọ̀nà

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń yàwòrán, mo máa ń ránṣọ, mo sì máa ń kọ ìtàn nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní fún gbogbo rẹ̀, ó sì ti kún débi pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń gé aṣọ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láàárín ọdún kan, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi ń padà sí bó ṣe wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó gbogbo ohun tí n kò bá ti lò fún ọdún kan dànù. Ẹlòmíràn ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé inú rúdurùdu ni ọgbọ́n àtinúdá ti ń jáde. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ohun tí mo bá gbé sọnù lónìí ni màá wá kiri lọ́la."

Arábìnrin mi, mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì sínú ẹyọ kan. Èkíní ni ìdí tí palẹ̀mọ́ yín kì í fi í dúró. Èkejì ni ti ìmọ̀ràn méjì tó ń takora. Ẹ̀kẹta, èyí tí ẹ fi sí ìparí bí ẹni pé kò tó nǹkan, ni ẹ̀rù tó ń bà yín. Lójú tèmi, ẹ̀kẹta yìí ló bí èkíní, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í pinnu, yàrá tí a kò sì tíì pinnu ohunkóhun nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kún padà, bó ti wù kí a gbá a tó. Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ aṣọ àti àwòrán, mo sì ti bá àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi mélòó kan tú ibi iṣẹ́ wọn palẹ̀ lójú ara wọn, torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nìkan.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń lọ́ pọ̀. Ìdọ̀tí yàtọ̀, rúdurùdu yàtọ̀, ẹrù tó pọ̀ jù náà yàtọ̀. Omi, ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ ni oògùn ìdọ̀tí. Rúdurùdu ni kí nǹkan má wà ní ààyè rẹ̀, bí ẹni tó ni ín bá sì mọ ibi tí ó wà, kò tíì di ìṣòro. Ẹrù tó pọ̀ jù ni kí ó má tilẹ̀ sí ibi kankan mọ́ tí a lè pè ní ààyè nǹkan náà. Yàrá tí wọ́n ti ń gé aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe yàrá onírúdurùdu, yàrá ẹlẹ́rù ni. Oògùn rúdurùdu ni ẹ ti ń fún un láti ọdún kan, ẹ ń tò ó, ẹ ń tún un tò, bẹ́ẹ̀ kò sí bí a ṣe lè to igba nǹkan sí ibi tó gba ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Ní ọdún 2013, Kathleen Vohs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi àwọn ènìyàn kan sí yàrá tó wà létòlétò, wọ́n fi àwọn mìíràn sí yàrá tí ìwé fọ́n ká sí, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn ronú ìlò tuntun fún bọ́ọ̀lù kékeré tí a fi ń gbá tẹ́níìsì orí tábìlì. Iye èrò tí ọwọ́ méjèèjì mú wá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n èrò àwọn tó jókòó sínú rúdurùdu ni wọ́n kà sí tuntun jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ìwé náà dé sí, wọn kì í sọ pé nínú ìdánwò mìíràn tó wà nínú ìwádìí kan náà, àwọn tó wà ní yàrá tó létò ni wọ́n fi owó tó pọ̀ jù ṣe ìtọrẹ. Ẹ tún wò ó dáadáa: rúdurùdu inú yàrá yẹn kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wá sísọ́ọ̀sì tì, kò sì sí páálí kankan ní kọ̀rọ̀ tó ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọn yóò parí òun. Rúdurùdu ẹlòmíràn lè ta ọpọlọ ẹni jí. Rúdurùdu tẹni a máa sinni ní gbèsè.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n sì tún máa ń gbé dìde ni ti Francis Bacon, ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ ní ilé kan ní 7 Reece Mews ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1961 títí tó fi kú ní 1992. Nígbà tí wọ́n tú ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Hugh Lane Gallery, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Dublin ní Ireland, tí wọ́n sì ṣí i fún àwọn olùwòran ní 2001, nǹkan tó lé ní 7,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀ láti inú yàrá kan ṣoṣo tí kò tóbi: fọ́tò tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú ìwé tí a ya, búrọ́ọ̀ṣì tó ti le gbagidi, ọ̀dà tí wọ́n pa mọ́ ara ògiri. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni bí ọgọ́rùn-ún kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí a ń yàwòrán sí, tí ó ti fi ọ̀bẹ fà ya. Ọkùnrin yẹn kì í tún yàrá ṣe, ṣùgbọ́n ó ń pinnu. Àwòrán tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀bẹ ni ó fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣe nínú yàrá náà, kì í sùn síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó ránṣọ níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá yàwòrán tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ojú yàrá rẹ̀ nìkan tàn yín.

Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́, ìyẹn ti ọdún kan, dára fún ẹni tó ń tú àpótí aṣọ wíwọ̀ palẹ̀. Bàtà tí a kò wọ̀ fún ọdún kan, ó ṣeé ṣe kí a má wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun èlò iṣẹ́ ọnà kì í bá kàlẹ́ńdà rìn. Mo ní òwú kan aláwọ̀ eérú tó jókòó sórí pẹpẹ fún ọdún mẹ́rin kí iṣẹ́ tó ń wá a tó dé, nígbà tó sì dé, kò sí òwú mìíràn nínú ilé tó lè rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ní ike gọ́ọ̀mù tó gbẹ kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Ọ̀dà olómi tó gbẹ sínú àwo rẹ̀, omi díẹ̀ ni yóò jí i, ẹ má ṣe dà á nù. Ọ̀dà acrylic tó bá ti gbẹ, ó ti lọ nìyẹn, omi kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, bí ẹ bá sì fi pamọ́ fún ogún ọdún, bó ṣe wà náà ni yóò wà. Ọjọ́ orí kọ́ ni kí ẹ fi díwọ̀n nǹkan. Ẹ bi í léèrè ohun méjì: ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́, àti pé ṣé èmi ṣì ni ẹni tí yóò lò ó? Ìbéèrè kejì ni ó máa ń dun ènìyàn.

Wàyí o, kí ló dé tí yàrá náà fi ń padà kún? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ohun tí à ń pè ní palẹ̀mọ́, ṣíṣí nǹkan nípò ni lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo fi ọjọ́ méjì gbáko kó gbogbo ibi iṣẹ́ mi sínú páálí mọ́kànlá, mo fi gègé kọ orúkọ sí ara wọn, inú mi sì dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Àfi ìgbà tí mo wá ohun ìwọn aṣọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí mo wá ṣàkíyèsí pé páálí mẹ́rin nínú mọ́kànlá ni mo kọ "Onírúurú" sí. Onírúurú kì í ṣe orúkọ ohunkóhun. Orúkọ tí mo fún àwọn ìpinnu tí n kò ṣe ni. Mo tú páálí kìíní láti wá ohun ìwọn náà, mo tú èkejì, nígbà tí oṣù yóò fi parí, ilẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ nínú yàrá yín jẹ́ ìbéèrè tí a kò tíì dáhùn: ṣé màá parí ẹ, ṣé màá lò ó, ta ni màá fún? Tí a bá gbé ìbéèrè láti orí àga lọ sínú àpótí, ìbéèrè náà ṣì ni.

Ìdí kejì jẹ mọ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń rántí nǹkan. Ojú ni oníṣẹ́ ọnà fi ń rántí. Ohun tó bá wọ inú àpótí tí a kò lè rí inú rẹ̀, ó kúrò láyé nìyẹn títí di ọjọ́ tí a bá ṣèèṣì rí i. Nígbà kan, mo bá ayàwòrán kan tú dúrọ́ọ̀ ẹyọ kan péré, èyí tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó ní kò sí ohun gidi níbẹ̀. A tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, a sì ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀dà funfun méje, mẹ́ta nínú wọn kò tíì ṣí rárá, ọ̀kan ti le bí òkúta; kùkùté pẹ́ńsù mẹ́rin; bọ́tìnnì kan tí kò mọ ara aṣọ tó ti já; kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan; àti ìwé kékeré kan tó ti kọ ọ́ sí pé "ra ọ̀dà funfun". Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bí ọ̀dà yẹn bá wà lórí pẹpẹ tí ojú rẹ̀ ń kan, kò ní ra ju ẹyọ kan lọ. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn pé kí orí tábìlì mọ́ fónífóní, kí gbogbo nǹkan wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, fi máa ń jẹ́ májèlé fún irú wa. Ó ń mú kí yàrá rẹwà lójú àlejò, ó sì ń mú kí ẹni tó ni ín di aláìmọ ohun tó ní.

Ìdí kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ríra ohun èlò a máa dùn mọ́ ènìyàn bí ẹni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ra aṣọ tó dára ti rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù tí kò tíì gé. Ọ̀nà àbáwọlé yàrá yín gbòòrò, ọ̀nà àbájáde rẹ̀ kò sì ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní tẹnu mọ́ ọn.

Ìdí kẹrin ni iye iṣẹ́ tí ẹ dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2001, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọpọlọ, Nelson Cowan, kọ̀wé pé nǹkan bíi mẹ́rin ni ọkàn ènìyàn lè dì mú lójú ẹsẹ̀ kan náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀. Ohun tí ọkàn ń dì mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì, n kò sì ní na ìwádìí rẹ̀ kọjá ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ kò jìnnà sí i: bí iṣẹ́ tí mo ṣí sílẹ̀ bá ti kọjá mẹ́ta sí mẹ́rin, n kì í mọ ibi tí mo bá ọ̀kọ̀ọ̀kan dé mọ́, wákàtí àkọ́kọ́ lójúmọ́ á wá di wákàtí ìwákiri. Ẹní bá lé eku méjì á pófo, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tó ń lé mọ́kànlá?

Ní ti ẹ̀rù yín, ẹ̀yin nìkan kọ́. Ìwádìí kan tó lókìkí wà tí Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler gbé jáde ní 1990. Wọ́n fún àwọn kan ní kọ́ọ̀pù, wọ́n ní kí wọ́n dá iye tí wọn yóò tà á. Wọ́n sì bi àwọn tí kò gbà pé èló ni wọn yóò rà á. Iye tí àwọn oníkọ́ọ̀pù dá tó bí ìlọ́po méjì iye tí àwọn yòókù fẹ́ san, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì ní kọ́ọ̀pù náà ju ìgbà díẹ̀ lọ. Bí ó bá rí báyìí fún kọ́ọ̀pù lásán, ẹ ro bí yóò ṣe rí fún aṣọ tí ẹ ti ń fi ojú inú rán láti ọdún mẹ́ta. Ẹ kò rí aṣọ náà bó ṣe wà. Bó ṣe máa rí nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀ ni ẹ ń rí. Ìlérí ni, ẹ̀yin ni ẹ sì ṣe é fún ara yín. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti da àga tó kán nù ju ègé aṣọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àga kò mọ ẹni tí ẹ fẹ́ dà. Ègé aṣọ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe pín nǹkan sí "èyí tí mo fẹ́" àti "èyí tí n kò fẹ́", nítorí gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́. Ẹ pín in sí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, irinṣẹ́, ohun èlò, àti ìlérí. Irinṣẹ́ ni ó rọrùn jù: sísọ́ọ̀sì, búrọ́ọ̀ṣì, ohun ìwọn, gègé. Ẹ kó gbogbo irú kan náà jọ sójú kan kí ẹ rí iye rẹ̀, ẹ mú èyí tó dára jù, ẹ fi ẹyọ kan tì í lẹ́yìn, kí ìyókù sì lọ bá ẹlòmíràn. Ohun èlò kò nílò kí ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rẹ̀ yín kí ó tó di ọ̀sán. Àpótí ni kí ẹ jẹ́ kó dá a. Ẹ mú ike tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, ẹ ní èyí ni ti ègé aṣọ, kò sì ní ju ẹyọ yìí lọ. Ẹ wá kọ́kọ́ kó àwọn tí ẹ fẹ́ràn jù sínú rẹ̀. Nígbà tó bá kún, ó kún náà nìyẹn, èyí tó bá fẹ́ wọlé lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ lé ẹnìkan jáde. Ìwọ̀n kì í tijú, kì í sì í ṣojúsàájú, ó sì sàn ju kí ẹ máa bá ọkàn yín jà lórí igba ègé aṣọ.

Ní ti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, ọgbọ́n kan wà tí mo kọ́ lára Twyla Tharp, oníjó ará Amẹ́ríkà, ẹni tó máa ń fi àpótí kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń kó gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ náà sínú rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Fún yàrá bíi tiyín, àpótí mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí: àwòrán kan, aṣọ kan, ìtàn kan. Kí àwọn mẹ́ta yìí wà níbi tí ojú yín yóò ti máa rí wọn, kí wọ́n sì jẹ́ àwọn nìkan ni yóò ní ẹ̀tọ́ sí orí tábìlì. Ẹ má sì ṣe ṣi àpótí lò. Andy Warhol, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà, ìwé ìròyìn, fọ́tò àti oríṣiríṣi ohun tó kọjá lórí tábìlì rẹ̀ sínú páálí láti 1974, bí ọ̀kan bá kún a dì í, a kọ déètì sí i, a fi ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́. Nígbà tí ó kú ní 1987, páálí náà ti pọ̀ débi pé, pẹ̀lú àwọn àpótí mìíràn bíi mélòó kan, 610 ni wọ́n kà, wọ́n sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Pittsburgh, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí títú wọn wò. Ẹ̀yin àti èmi kò ní mùsíọ́ọ̀mù tí yóò bá wa tú tiwa. Àpótí tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó nínú kì í ṣe àpótí iṣẹ́, ibojì ni.

Ìlérí ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìlérí ni àwòrán tí ẹ fi sílẹ̀ nídajì, ẹ̀wù tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwé ìkọ̀wé tí ojú ewé mẹ́fà péré ti kún nínú rẹ̀, àti àwọn ohun èlò iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ tí ẹ kò kọ́. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ bi ara yín pé: bí n kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ èyí, ṣé màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ohun tó kàn gan-an sórí ìwé pélébé, irú bíi "gé kọ́là" tàbí "tún ojú òsì kùn", ẹ so ó mọ́ ọn, kí ó dúró de àyè nínú àpótí mẹ́ta náà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ yín, ẹ tú ohun tó ṣì wúlò lára rẹ̀, bọ́tìnnì, ṣíìpù, igi férémù, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù máa lọ. Yóò dùn yín díẹ̀. Mo fi ọ̀sán kan tú aṣọ kan tí mo ti bẹ̀rẹ̀ fún ara mi nígbà tí mo ṣì kéré ní ìbàdí, mo ń fa okùn rẹ̀ yọ, mo sì ń bínú sí ẹni tí n kò mọ̀. Nígbà tí mo tú u tán, ó di aṣọ pẹlẹbẹ padà, mo sì fi bo máṣíìnì. Ó wà lórí rẹ̀ títí di òní.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹ sún síwájú, bí ẹ bá ń lo ọ̀dà olóròóró. Àkísà tí a fi nu òróró linseed, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, bí a bá sì ká a jọ sínú àpò tàbí igun yàrá, ó lè gbiná láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣá ìṣáná. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ tẹ́ ẹ síta ní pẹrẹsẹ kí ó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Yàrá tó kún fún ègé aṣọ àti ìwé kò yẹ kó bá irú àkísà bẹ́ẹ̀ sùn mọ́jú.

Ní ti ìtàn tí ẹ ń kọ, ìwé kò gba àyè púpọ̀, kò sì sí ìdí tí ẹ fi ní láti da àkọsílẹ̀ nù bí ẹ ṣe ń da gọ́ọ̀mù gbígbẹ nù. Mo ti da ìwé àkọsílẹ̀ kan nù rí nínú ìbínú palẹ̀mọ́, òun ni ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì ń kábàámọ̀ títí di báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lójú kan, kí ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn wọn. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà rẹ̀ pé mẹ́ta, ní oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà níta ilé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ lè gbà. Ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ dànù pátá kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo mọ àwọn tó ṣe é, ara tù wọ́n fún oṣù kan, wọ́n sì ra ìdajì rẹ̀ padà. Ẹ lè háyà ibi ìpamọ́, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu fún iṣẹ́ tó ti parí tó ń dúró de olùrà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó ìlérí lọ síbẹ̀ yóò máa sanwó lórí ìpinnu tí kò fẹ́ ṣe. Ẹ sì lè gbà pé yàrá kan kò lè gba iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni ó wù mí jù fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó le jù láti gbọ́. Ìtàn kò gbà ju orí tábìlì lọ, ó lè máa wà nígbà gbogbo; ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí aṣọ àti àwòrán máa gba ìgbà fún ara wọn, oṣù mẹ́ta fún ọ̀kan, oṣù mẹ́ta fún èkejì, kí ti èyí tó ń sinmi wà lókè pẹpẹ tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ kò lè ti ògiri sẹ́yìn.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí àárẹ̀ ń ṣe, kò ní lè ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́, kò sì jẹ̀bi. Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn kọjá ti pẹpẹ àti àpótí: bí jíjọ̀wọ́ ohun tí kò níye lórí rárá bá ń dá ìrora gidi sí ènìyàn lára, tí ẹrù ti gba ibi ìdáná, ibi ìwẹ̀ àti ojú ọ̀nà, tí ó sì ti ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ mọ̀, tí wọ́n sì fún ní orúkọ tirẹ̀, hoarding disorder, nínú ìwé atọ́nà ìwádìí àìsàn ọpọlọ tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2013. Ìtọ́jú wà fún un, dókítà sì ni yóò ṣe é, kì í ṣe aránṣọ. N kò rí i nínú ìwé yín, mo kàn sọ ọ́ nítorí àwọn mìíràn tí wọn yóò ka ìdáhùn yìí.

Ẹ béèrè bóyá ẹ ó wá ohun tí ẹ bá gbé sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó wá a. Bí ẹ bá gbé ọgọ́rùn-ún nǹkan jáde, ẹ ó wá ẹyọ kan tàbí méjì nínú wọn, yóò sì bí yín nínú lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ìyẹn sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí ẹ ti ń fi ẹ̀yìn ríro gé aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ kó àwọn tí ọkàn yín kò gbà láti fi sílẹ̀ sínú páálí kan, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti déètì sí i lára, ẹ gbé e síta yàrá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ ju páálí kan lọ, ẹ má sì ṣe kọ "Onírúurú" sí i. Ẹ jẹ́ kí orí bẹ́ẹ̀dì kọ́kọ́ bọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, kí tábìlì tẹ̀ lé e. Èyí tó bá sì jẹ́ àpò tí ẹ ti gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti igun kan dé èkejì láìtú u, òun ni kí ẹ tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, lówùúrọ̀, nígbà tí ara bá ṣì fúyẹ́.